Ta Ni Ìyá Kùmásì Ń Hó Fún?

Kò sí rédíò ládùúgbò wa nígbà náà.
Ẹnu wáyà la ti ń gbọ́ bọ́ọ̀lù:
tá-tá, tá, tá-tá-tá,
láti Èkó dé Abẹ́òkúta, láti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn,
ó fo Ìwó, ó fo Ẹdẹ,
ó bà sórí tábìlì Láníhùn
ní tésàn rélùwéè Òṣogbo,
ọkùnrin olójú kan tó gbọ́ èdè irin
bí abiyamọ ṣe ń gbọ́ ẹkún ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Àwa ọmọdé gun ẹ̀yìn ara wa lójú fèrèsé.
Àwọn àgbà jókòó sórí àpò kòkó tí kò tíì rí ọkọ̀ wọ̀.
Nàìjíríà àti Góòlù Kóòsì:
ilé méjì tó fi Dàhómì àti Tógò ṣe ògiri àárín,
ife fàdákà kan ló fẹ́ parí ìjà ẹnu wọn lọ́jọ́ náà.
Wọ́n ní ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń gbá a,
báńdéèjì nìkan ni wọ́n wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀.

Láníhùn fi ẹfun kọ ọ́ sára síléètì.
Ọ̀kan sí òdo. A hó.
Ọ̀kan sí ọ̀kan. A dákẹ́.
Méjì sí ọ̀kan, tiwa ni! Jìnádù alágbàárù ju fìlà rẹ̀ sókè,
ó sì sáré lọ ṣà á, nítorí fìlà kan ló ní.
Méjì sí méjì.
Wáyà bá dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́.
Ewúrẹ́ kan gba àárín irin kọjá, kò béèrè ayò.

Tá-tá. Tá.
Láníhùn kọ ẹẹ́ta síbi tí a kò fẹ́ kó kọ ọ́ sí.
Ó kọ orúkọ ẹni tó gbá a wọlé sísàlẹ̀:
KỌ́BÌNÀ.

Igbe kan ta lẹ́yìn wa.
Ìyá Kùmásì alábúrẹ́dì ni, eérú ààrò ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.
“Ọmọ mi ni! Kọ́bìnà mi ni! Ọmọ tí mo bí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun
ní Ásáfò, lẹ́yìn ilé àwọn ará Èjìgbò!”
Ó jó. Òun nìkan ló jó.
A wò ó bí ẹni tó rẹ́rìn-ín nílé òkú.
Jìnádù ní: “Ta lo ń hó fún? Ṣé àwa kọ́ ni tìrẹ ni?”
Ó ní: “Jìnádù, ẹ̀yin lẹ bí mi.
Èmi ni mo bí ìyẹn.”

Ó lọ kó búrẹ́dì ọjọ́ kejì jáde, gbogbo rẹ̀, ó pín in.
A jẹ ẹ́ tìbànújẹ́tìbànújẹ́. Ó dùn.
Dídùn tó dùn yẹn gan-an ló bí wa nínú.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé.
Èmi tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ni mo kà á,
lórí àpótí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ní Òkè Fíà.
Kọ́bìnà kí i. Ó ní egbò ẹsẹ̀ òun ti ń jinná.
Ó ní òun kò lè bá wọn wá sí Èkó lọ́jọ́ ife;
ọ̀rẹ́ òun kan ni wọ́n mú lọ,
ọmọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lòun náà.

Mo gbójú sókè. Ó ń po fúláwà, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.
“Ṣé egbò náà ń jinná?”
“Ó ń jinná, Màmá.”
“Ó dáa. Ká a. Má kà á mọ́.”

Ó lo ogún ọdún sí i láyé.
Títí ó fi kú ló ń sọ ti góòlù yẹn,
bí ẹsẹ̀ òsì ṣe yí i, bí aṣọ́lé ṣe ṣubú bí àpò gààrí;
lọ́dọọdún ni ibi tí Kọ́bìnà ti ń sáré bọ̀ ń jìn sí i.
Bó bá dé ibi orúkọ, á dánu dúró, á wò mí.
Èmi á ní: “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Láníhùn kọ ọ́. Mo rí i.”

Mo sì rí i lóòótọ́.