Adìẹ Dúró Lókèèrè

Ìdájí ni, òtútù Surrey ń bu èèyàn jẹ.
Mo bọ́ ẹ̀wù, mo bọ́ òrùka ìgbéyàwó,
ilẹ̀kùn mẹ́ta tì mọ́ mi lẹ́yìn
kí n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí mò ń bọ́.

Eégbọn ni.
Kì í ṣe eégbọn etí ajá tí à ń fà tu lágbàlá,
tó ń wú bí ẹ̀wà tó mumi yó.
Èyí rọ̀, ó hunjọ bí awọ àpò arúgbó,
inú yanrìn ló ń gbé, nínú ìgò tí mo kọ nọ́ńbà sí.
Ìwọ̀n ìgbà tí ìrẹsì fi ń jinná ló fi ń mu ẹ̀jẹ̀,
á já bọ́, á wọnú yanrìn, á dákẹ́.
Ó lè gbààwẹ̀ ọdún kan, ó lè gba méjì,
kò ní gbàgbé ohun tó mu kẹ́yìn.

Nílé, ihò ìmàdò ni ibùdó rẹ̀.
Ìmàdò gbé àrùn náà sára, kò wúkọ́, kò kọ oúnjẹ.
Àwọn àgbà ní ìmàdò ìbá ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀, a bàlú jẹ́.
Ẹ ò rí i pé kò tiẹ̀ nílò àtiwọ̀lú?
Ó rán eégbọn.

Ogójì ẹlẹ́dẹ̀ ni bàbá mi sìn lẹ́yìn Ìmẹ̀kọ.
Ní ọjọ́ mọ́kànlá, gbogbo wọn ló sin.
Ohùn kan péré ló yí padà.
Etí wọn kọ́kọ́ pọ́n, ó wá dúdú bí àgbálùmọ̀ tó rà.
Àwọn kan ní aládùúgbò ló fi májèlé sí i,
àwọn kan ní omi kànga ni.
Kò sẹ́ni tó tanná wo inú ògiri tó sán.

Lánàá, Ọ̀gbẹ́ni Pettifer kan ilẹ̀kùn mi,
ẹrẹ̀ dé e ní orúnkún, inú rẹ̀ ń dùn:
“Ó ti bí o! Mẹ́sàn-án! Wá wò wọ́n.”
Mo ní òfin iṣẹ́ ò gbà mí láyè,
mi ò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹlẹ́dẹ̀.
Ó ní, “Àbí Mùsùlùmí ni ọ́?”
Mo ní rárá, ẹ̀jẹ̀ ni mò ń bá ṣiṣẹ́.
Ó ní irú eégbọn yẹn ò sí níbí.
Òótọ́ ni. Eégbọn inú koríko wọn, àgbọ̀nrín ló mọ̀.
Ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì yìí ò fi ẹsẹ̀ eégbọn nìkan rìn:
sọ́séèjì kan nínú báàgì awakọ̀ tó sọdá òkun,
àjẹkù tó jù sẹ́bàá ọ̀nà,
ó tán.

Eégbọn so mọ́ ayìnrín nímú, wọ́n ní kí adìẹ wá ṣà á jẹ.
Adìẹ mọ ìdí tó fi dúró lókèèrè.

Bẹ́ẹ̀ ni mo dúró sí títì.
Ó wọlé lọ, ó gbé ọ̀kan sókè lórí ọgbà,
ó pupa, ó ń han, kò ju bàtà ọmọdé lọ.
Mo juwọ́ sí i,
ọwọ́ tí mo fi bọ́ eégbọn.