Ohun Tí Mo Ti Dà Nù

Òjò ló lé mi wọlé, kì í ṣe ìmọ̀.
Mo ń ti Kútọ̀ bọ̀, dígà mi wà léjìká,
okùn mi ká sínú garawa,
mo rí gbọ̀ngán ilé-ìwé kan tó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ ní Ìbarà,
pátákó dúró lẹ́nu ọ̀nà:
“Kí Ni Ilẹ̀ Wa Gbé Mì? Ọ̀fẹ́ ni. Gbogbo ènìyàn ni a pè.”
Àbí èmi kì í ṣe ara gbogbo ènìyàn?
Mo ti garawa sábẹ́ àga, mo fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé Ìbísọlá Ṣówándé kò ga ju ọmọ ilé-ìwé lọ,
ohùn rẹ̀ ló ga.
Ó tan àwòrán sára ògiri:
kòtò onígun mẹ́rin, etí rẹ̀ gún bí etí ìwé,
àwọn ọ̀dọ́ méjì kúnlẹ̀ nínú rẹ̀,
wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ilẹ̀
bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó ń sùn.
Mo rẹ́rìn-ín sínú.
Oṣù méjì, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin!
Èmi a dé ibẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ó ní, “Ilẹ̀ a máa to ọjọ́ léra.
Èyí tó wà lókè ni àbúrò.
Bí ẹ bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ tó
lẹ ó ṣe máa bá àwọn ẹ̀gbọ́n pàdé.”

Ẹ̀rín mi gbẹ.
Mo mọ àwọn ẹ̀gbọ́n yẹn:
dúdú, lẹ́yìn náà pupa,
lẹ́yìn náà yanrìn tó ń ké lẹ́nu dígà,
títí a ó fi kan òkúta;
ní ìlú yìí, ta ló gbẹ́lẹ̀ tí kò kan òkúta?
Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń sanwó fún mi
kí n máa sọ̀ kalẹ̀ sínú àná.
Omi ni mo rò pé mò ń wá.

Ibẹ̀ la wà tí iná fi lọ.
Kòtò parẹ́ lára ògiri, àwọn tó kúnlẹ̀ parẹ́.
Jẹnẹrétọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.
Ọ̀mọ̀wé ní, “Kò burú. Inú òkùnkùn náà ni wọ́n ti wá.”
Ó ṣí páálí bàtà kan,
ó ní ká máa gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́.
Ọmọdébìnrin kan béèrè, “Ṣé wúrà ni?”
“Rárá o. Ìkòkò ọbẹ̀ ni.”

Ó dé ọwọ́ mi.
Ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ tan fóònù sí i fún mi.
Àpáàdì ni,
ìlà wà lára rẹ̀, níbi tí wọ́n ti yí okùn lílọ́
lórí amọ̀ tútù.
Okùn!
Mo nawọ́ sábẹ́ àga, mo fọwọ́ kan tèmi nínú garawa.
Ìlọ́ kan náà ni.

Àpáàdì ló tó ko iná lójú, àgbà ló wí bẹ́ẹ̀.
Wọn kò sọ ohun tó tó ko dígà mi lójú.
Lẹ́yìn ilé Alájì kan ní Ìṣábọ̀, garawa mẹ́fà ni mo kó dà nù.
Ní Ìtòkú, ọ̀kan wà tí ọrùn rẹ̀ kò tíì fọ́,
mo fọ́ ọ mọ́ kọnkéré.
Ọ̀kan ṣẹ́ kù, adìẹ wa ń mumi nínú rẹ̀
títí ó fi sọnù.

Iná dé, a hó yèè.
“Ta ló ní ìbéèrè?”
Mo nawọ́ sókè, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn.
Mo fẹ́ béèrè pé: ẹni tó ya ìwé kó tó mọ̀wé,
kí là ń pè é?
Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni,
“Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí ẹ bá kan omi ńkọ́?”
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní, “Ibẹ̀ ni tiwa parí sí.
Ẹ̀yin lẹ máa ń kọjá a rẹ̀.”

Lọ́jọ́ Ajé, ní Ọbáńtokò, ní ẹsẹ̀ bàtà karùn-ún,
dígà dún gbọ̀n-ọ́n, kì í ṣe dídún òkúta.
Mo gbé e tì.
Mo bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì mi, mo kúnlẹ̀, mo ń nu ilẹ̀.
Onílé bẹ̀rẹ̀ wò mí láti òkè, ó wo aago:
“Ṣé ẹ ti kan omi ni?”
Mo ní ó kù díẹ̀.