Kù

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fi Sátidé mẹ́ta kọ́,
èmi àti Bàbá Lámídì, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi
ní òpópónà Kánò, Èbúté-Mẹ́ta:
quedar.
Wọ́n ní kí n pe ke fẹ́ẹ́rẹ́, kí n wá tẹ dá mọ́lẹ̀,
kí ìparí rẹ̀ máa gbọ̀n
bí ẹ̀rọ tí wọn ò tíì kán epo sí.

Ọdún mẹ́fà ni Bàbá fi gé kòkó ní Panyá.
Èdè yẹn ni wọ́n mú bọ̀,
àti àpá àdá kan lójúgun.

Èmi, ọmọ ọmọ mi ló kó mi síṣẹ́.
Músíà ló wà, ọdún márùn-ún,
kò gbọ́ Yorùbá ju ẹ káàsán mà lọ;
òwúrọ̀ ni o, òru ni o, ẹ káàsán mà náà ni.
Lọ́jọ́ kan ó bi mí lórí fóònù:
Abuela, ¿cuánto queda?
Mo rẹ́rìn-ín, mo ní sí, sí,
bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni tó gbọ́.
Ó dákẹ́.
Ọmọdé mọ ẹni tí kò gbọ́.

Bàbá mi páálí ìṣáná sí mi létí.
Mẹ́ta ló kù. Quedan tres.
Mo ní, àṣé kù ni! Ó ti tán nìyẹn.
Wọ́n ní, ó kù.

Ọmọge kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì wá dán síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò.
Bàbá gbójú sókè: Te queda bien.
Ó kù ú dáadáa? Mo da abẹ́rẹ́ dúró.
Rárá o. Ó bá a mu. Ó ṣe rẹ́gí.
Mo wo ìbàdí tí mo fi alẹ́ méjì tú, tí mo tún rán,
aṣọ tó dé ara èèyàn
tí kò wá ibòmíràn lọ mọ́.
Ó dáa. Mo gbà fún wọn.

Nígbà tí wọ́n ń dìde, wọ́n ní quedamos a las cuatro.
Àwa mélòó ló kù?
Àdéhùn ni, obìnrin yìí! Aago mẹ́rin, Sátidé.
Ẹ̀yin ará Panyá, ẹ tún fi ìṣẹ́kù dá àdéhùn?
Reluwé kan ń lọ sí Ìddó, ó gba èsì náà lọ.

Aago mẹ́rin kọjá. Aago márùn-ún kọjá.
Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú kí Bàbá tó dé,
fìlà lọ́wọ́, fọ́tò kan nínú fìlà:
Múnírù, àbúrò wọn, kòkó kan léjìká.
Se quedó, ni wọ́n wí.
Ó kú? mo bi wọ́n.
Wọn ò mi orí.
Ó kù síbẹ̀?
Wọn ò mi orí.

Ọkọ̀ fọn fèrè, èmi wọlé, òun ò wọlé.
Obìnrin kan wà lódò tó máa ń bá a fọ ṣẹ́ẹ̀tì.
Ibà náà wà.
Lẹ́tà kan ò dé láti àádọ́ta ọdún.
Tí wọ́n bá bi mí nílé, èdè tiwọn ni mo fi ń dáhùn,
torí kò ní àmì lórí.
Tí n bá sọ ọ́ ní Yorùbá,
mo ní láti yan ohùn kan.

Mo gbé bíńtín tíì fún wọn. Wọn ò mu ún.
Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ,
gbogbo èyí tó wá sí mi lẹ́nu ló ní ohùn.

Lálẹ́ yẹn fóònù dún.
Ẹ káàsán mà. Abuela, ¿cuánto queda?
Ìwé ìrìnnà mi ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn onífísà,
oṣù kejì rè é, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.
Páálí ìṣáná Bàbá wà lórí ẹ̀rọ mi, wọ́n gbàgbé rẹ̀.
Quedan tres, mo ní.
Kò bi mí pé mẹ́ta kí ni.
Mo gbọ́ ọ tó ń kà á fún ìyá rẹ̀,
uno, dos,
lẹ́yìn náà ni fóònù já.