Ẹni Tó Ń Mí

Fídíò ìsìnkú Bàbá ló tú àṣírí mi.
Gbogbo ilé jókòó, wọ́n ń wò ó:
pósí ń jó, àlùfáà ń jó,
ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ń gbọ̀n bí ọmọ tí ibà mú.
Ẹ̀gbọ́n mi Akínyọ̀soyè ní,
"Ṣé ilẹ̀ ló mì lọ́jọ́ náà ni, àbí ọtí lo mu?"
N ò mu ọtí.
Ọwọ́ mi ló ń sunkún
nígbà tí ojú mi ń ṣiṣẹ́.

Mo wọ ọkọ̀ láti Aládé lọ sí Àkúrẹ́,
sí ṣọ́ọ̀bù Adénẹ́gàn lẹ́yìn Ọjà Ọba,
níbi tí okùn ṣájà ti lọ́ mọ́ra wọn bí ìtàkùn.
Èyí tó ń dá orí ara rẹ̀ yí ló kọ́kọ́ gbé fún mi.
Ó ní, "Máa sáré, máa fò, àwòrán ò ní mọ̀."
Mo tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó fà sẹ́yìn,
mo yí i sọ́tùn-ún, ó kọ̀, ó ń wo ibi tó ń wò
bí orí adìẹ tí a gbé lọ́wọ́ tí à ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún.
Ó wù mí.
Ṣùgbọ́n iná ló ń jẹ. Wákàtí díẹ̀, ó ti sùn,
iná ìjọba sì ti fi àdúgbò wa sílẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀.
Mo bi í ní iye owó rẹ̀. Mo tún bi í,
bí ẹni tí etí rẹ̀ di.

Ó gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀.
Èyí ò lẹ́jọ́. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù,
àwọn àgbà ti mọ̀ ọ́n kí kámẹ́rà tó dáyé.
Mo gbé e wò. Ó wúwo bí odó.
Mo rántí ibi tí mò ń gbé e lọ:
àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè.
Màmá fẹ́ fi ilé tí wọ́n ti bí ìyá rẹ̀ hàn mí
kí orúnkún rẹ̀ tó sọ pé ó tó.
Ta ni yóò ru odó gòkè?

"Ẹlẹ́sẹ̀ kan wà."
Ó fà á yọ lábẹ́ káńtà, eruku bò ó.
"Kì í dá dúró o. Tóo bá fi í sílẹ̀, ó ṣubú.
Ìwọ lẹsẹ̀ yòókù."
Mo ná an títí, ó fi aṣọ ìnu-dígí ṣe ènì.

Ní Sátidé, a bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.
Kùrukùru da àpáta bí ìbora.
A ò tí ì dé ibi ìsinmi àkọ́kọ́
tí Màmá nawọ́: "Gbé igi yẹn wá."
"Màmá, kì í ṣe igi."
"Kí ló ń ṣe?"
"Ó ń mú nǹkan dúró ṣinṣin."
"Ẹ̀n-ẹ́n. Èmi náà, nǹkan ni mí."
Kò, kò, kò, lórí àtẹ̀gùn,
owó mi ń gòkè lọ níwájú mi.

Ó wá ku èmi àti ọwọ́ mi.
Mo fẹ̀yìn ti àpáta,
mo há ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà,
mo na okùn kámẹ́rà lọ́rùn títí ó fi le,
mo di èémí mú.
Màmá dúró nídìí ògiri amọ̀ tó ti wó,
ó fi igi mi tọ́ka sí igun kan:
"Ibí. Ibí ni wọ́n ti ké pé, obìnrin ni o!"
Èémí tí mo dì, ó já.

Mo ti wò ó tó ìgbà mẹ́wàá lálẹ́ yìí.
Ó mì. Kò pọ̀. Ó ròkè díẹ̀, ó rẹlẹ̀ díẹ̀,
bí àyà ẹni tó sùn.
Akínyọ̀soyè wò ó, kò béèrè ọtí.
Kọ̀ǹpútà lè bá mi dè é mọ́lẹ̀,
mo ti gbé ìka lé bọ́tìnnì.
Ṣùgbọ́n ẹni tó ń mí ní ń mì.
Lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn, nínú gbogbo wa,
Bàbá nìkan ló dúró jẹ́ẹ́.

Mo gbé ìka kúrò.
Igi náà wà lẹ́bàá ibùsùn Màmá,
ó ti fi àkísà wé e lórí.
N ò tí ì béèrè rẹ̀.