Tírélà Onítáyà Mẹ́rìnlélọ́gọ́jọ

Aago márùn-ún ìdájí, ibodè ọ̀nà Kẹ́fí.
Ọyẹ́ ti fi ẹfun kun gíláàsì mi.
Mo ń ka náírà gbígbó alẹ́ àná
nígbà tí Yero dé, ọ̀pá lé èjìká,
màlúù mọ́kànlélógójì lẹ́yìn rẹ̀.
"Sannu, Hájíyà."
Èmi, ọmọ Ọ̀fà, tí n kò tíì wọ bàlúù rí.

Mo yẹ ìwé iye owó wò:
káà wà, bọ́ọ̀sì wà, ọkọ̀ epo wà.
Wọn ò kọ màlúù síbẹ̀.
Mo tẹ ọ̀gá láago. Ó yán.
"Dúró de lẹ́tà."
Lẹ́tà wo? Abo kan ti ń lá kóònù pupa mi.

Mo gbé igi sókè.
Wọ́n kọjá bí ẹni pé òkè Asó ń kó lọ,
òórùn wàrà, òórùn ìgbẹ́ tútù,
ẹ̀rọ abẹ́ ilẹ̀ sì ń ka ẹsẹ̀ wọn
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ìparí oṣù, ìwé dé láti Garki:
"Tírélà kan, táyà mẹ́rìnlélọ́gọ́jọ,
kò sanwó. Ṣàlàyé."
Wọ́n ti yọ ọ́ nínú owó oṣù mi kí n tó mú bírò.

Mo ṣàlàyé náà:
ó kí mi kó tó kọjá.
Nínú gbogbo ọkọ̀ òru yẹn,
òun nìkan.