Ìgbà Méje

Aago mẹ́ta òru, omi ẹ̀rọ tún ń dà.
Yóò dà, yóò dá, yóò tún dà.
Ìgbà méje ni. Bí ó bá ṣi ọ̀kan kà,
a ó tún un bẹ̀rẹ̀.

Wínípẹ̀gì ni, oṣù kejì ọdún,
yìnyín ti bo mọ́tò wa dé ojú fèrèsé,
ilé ẹ̀kọ́ wà lórí tábìlì oúnjẹ.
Èmi nìkan ló ń jáde nínú ilé yìí,
èmi tí mò ń tọ́jú arúgbó, ìbòmú méjì léra,
tí mo ti bá ọmọ ọlọ́mọ pa ojú ìyá rẹ̀ dé.

Níbẹ̀rẹ̀, a yìn ín.
Rédíò ní ẹ fọwọ́, ìjọba ní ẹ fọwọ́,
pásítọ̀ náà, lórí Súùmù, ní ẹ fọwọ́.
Bàbá rẹ̀ ní, "Ìbíyẹmí, ìwọ nìkan lo gbọ́ràn."
Ta ni yóò dá àìsàn mọ̀
tó wọ aṣọ ìgbọràn?

Wọ́n ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́.
Tirẹ̀ wẹra, wẹra, wọn ò mọ́;
ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀,
ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín lára tówẹ̀lì.

Mo jágbe mọ́ ọn. Mo lọ ti omi pa nísàlẹ̀ ilé.
Ó ké bí ẹni tí mo tì sínú iná.
Ìgbà náà ló sọ ọ́:
"Bí mi ò bá kà á pé, Màmá, ẹ máa kú.
Mo mọ̀ pé irọ́ ni.
Bó bá wá jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan péré ńkọ́?"

Èmi tí mo rò pé ìdọ̀tí ló ń sá fún.
Ikú mi ló ń ṣan dànù sínú báàsìnì.

Ìyá mi pè láti Ìlá: ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.
Mo sọ. Dókítà Marchuk, tí ológbò rẹ̀
ń gba iwájú kámẹ́rà kọjá,
fún un ní orúkọ gígùn kan.
Èmi ń pè é ní Ajẹ́lẹ̀:
wákàtí wákàtí ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ mi.
Dókítà ní bó bá bi mí pé "Ṣé ó ti mọ́?",
kí n má dáhùn.
Ẹ bi mí bó ti rí
kí ọmọ pe ìyá, kí ìyá dákẹ́.

Lánàá, ó fi ọwọ́ lásán kan ọwọ́ ilẹ̀kùn
tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé láti ibi iṣẹ́.
A jókòó lórí àtẹ̀gùn, a ò fọwọ́, à ń wo aago.
Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n mọ́ tèmi.
Ọkọ̀ akóyìnyín kọjá, iná rẹ̀ gbá wa lójú, ó lọ.
Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. "Màmá, ṣé ó—"
Mo gé ètè mi jẹ.
Ní ìkọkànlá, ó dìde, ó lọ fọ̀ ọ́.

Mo gbọ́ omi. Mo ń bá a kà láìmọ̀.
Márùn-ún.
Omi dá.
Mo ṣì jókòó síbẹ̀,
mò ń dúró de ìkẹfà.