Ìdí Kóńgò

Èmi Ṣórẹ̀mí, alágbẹ̀dẹ páànù l'Ókè-Àgbò,
l'Ìjẹ̀bú-Igbó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́,
èmi ni mo mọ ohun tó wà nídìí kóńgò.
Kì í ṣe gààrí ni mo wí.
Mo ní nídìí, lábẹ́,
níbi tí ojú oníbàárà kì í dé.
Òòlù kékeré, ẹ̀ẹ̀mẹta péré,
ìdí á wú sókè bí ìdodo ọmọ tuntun.
Gààrí á kún, á ṣe ṣóńṣó lórí,
ìkúnwọ́ méjì á ti sọnù, ẹnì kan ò sì ní í fura.
Igba náírà ni mo ń gbà tẹ́lẹ̀.
N ò tíì sọ fún pásítọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, rédíò Tíṣà Ọ̀ṣínúbi là á:
ọ̀wọ́n ọjà ti já wálẹ̀.
Wálẹ̀!
Àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ ju ọ̀bẹ sílẹ̀,
Jímọ̀ ọlọ́kadà tẹ fèrè,
Múṣílíátù pa ẹ̀rọ rẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa,
ẹ̀rọ tí kì í pa bí ọba bá ń kọjá.
"Ó já wálẹ̀? Lọ́jà ta ni?
Mo ra dísẹ̀lì lánàá, kò já.
Mo ra bẹ́líìtì, kò já.
Àpò tí mo fẹ́ kó gààrí sí, ó fò sókè lójú mi."

Tíṣà ti fẹ̀yìn tì,
owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni kò tíì rí ibi fẹ̀yìn tì.
Ó nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó nawọ́ sí Jímọ̀:
"Bí o bá gbéra l'Ókè-Sópin,
tí ò ń sáré ọgọ́rin lọ sí Orù,
tí o wá rọra dín in sí ogún,
ṣé o ti padà sílé nìyẹn?"
"Rárá o. Mo ṣì ń lọ."
"Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀wọ́n. Eré rẹ̀ ló dín kù.
Iwájú náà ló dojú kọ."

Múṣílíátù ní, "Ta ló wà lórí ọ̀kadà?"
"Gààrí."
"Ta ló ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé e?"
Tíṣà wo ilẹ̀. "Owó oṣù."

Wọ́n ní báńkì àgbà gbé èlé sókè
torí owó ti pọ̀ jù níta.
"Níta ibo?" ni Múṣílíátù wí.
"Ẹ júwe rẹ̀ fún mi,
kí n gbé àpótí lọ jókòó níbẹ̀."
Ṣàkírù ọmọ rẹ̀, tó ń kàwé l'Ágọ̀-Ìwòyè,
ní wọ́n tún ti pààrọ̀ apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń wọn ọjà.
Tíṣà ní ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀,
ta ló tún ń ra kásẹ́ẹ̀tì?
Ṣàkírù ní oúnjẹ ni wọ́n dín kù nínú rẹ̀,
ikùn wa kò sì dín kù.
Ariwo sọ. Wọ́n jà títí ẹ̀gẹ́ fi fẹ́ kan.
Èmi nìkan ni mo dákẹ́, tí mo ń làágùn:
apẹ̀rẹ̀ lè jẹ́ tuntun, kó mọ́,
kó má purọ́ rárá,
àmọ́ ta ló ti yí i dojú dé, kó wo ìdí rẹ̀?

Nírọ̀lẹ́, Múṣílíátù yọ́ wọlé sọ́dọ̀ mi.
Kóńgò wà lábẹ́ ìborùn.
"Ṣórẹ̀mí, díẹ̀ báyìí. Dísẹ̀lì ni."
Mo ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.
"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta! Igba mà ni léṣìí!
Ṣé o ò gbọ́ rédíò ni?"
Mo ní, "Mo gbọ́. Eré ni wọ́n ní ó dín kù."
Ó rẹ́rìn-ín, ó sanwó.
Mo lù ú lẹ́ẹ̀kan. Mo lù ú lẹ́ẹ̀mejì.
Nígbà tó ku ẹ̀kẹta, mo wojú rẹ̀,
ó ń wo ilẹ̀, ibi tí Tíṣà wò.

Mo lù ú.
Lọ́la, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyàwó mi ti máa ra gààrí.